Ìjókòó àkànṣe fún obìnrin: kí ló kan àwọn ọmọbìnrin tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì?

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, tí àwọn obìnrin wọ́ lọ sí ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá láti béèrè fún àbádòfin ìjókòó àkànṣe, ìyẹn ìjókòó aṣòfin tí obìnrin nìkan lè du, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn mọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí rédíò kọ́ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lójú WhatsApp. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ lé ọkùnrin kúrò lórí àga kí wọ́n gbé obìnrin síbẹ̀. Àwọn kan ní ìdá 35 tí kóòtù pàṣẹ rẹ̀ náà ni. Àwọn mìíràn gbọ́ "ọmọbìnrin" àti "òṣèlú" pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wá ń béèrè bóyá ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n fẹ́ rán lọ ṣòfin.

Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ju bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tú u palẹ̀.

Kí ni àbádòfin náà ń béèrè gan-an?

HB 1349 ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ilé-ìgbìmọ̀. Benjamin Kalu, igbákejì abẹnugan ilé-ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, ló ṣáájú àwọn tó gbé e wá. Ìwé òfin ọdún 1999 ló fẹ́ ṣàtúnṣe sí. Ó fẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti Àbújá ní ìjókòó kan sí i nílé-ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, kí wọ́n tún ní ọ̀kan sí i nílé aṣojú-ṣòfin. Ní ti ilé-ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta ni yóò kàn wọ́n, ọ̀kan fún ẹkùn sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro ó pọ̀: 37, 37 àti 108. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 182.

Àfikún ni gbogbo rẹ̀. Ìjókòó 109 tó wà nílé àgbà àti 360 tó wà nílé kejì ṣì wà níbẹ̀ digbí, tọkùnrin tobìnrin ni yóò sì máa du wọ́n bíi ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn olùdìbò náà ni yóò yan ẹni tí yóò jókòó sórí àwọn tuntun. Ohun tó yàtọ̀ ni pé obìnrin nìkan ló lè du wọ́n. Àbádòfin náà sì ní gbèdéke: sáà ìdìbò mẹ́rin, ìyẹn ọdún 16, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò.

Ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń dà mọ́ ọn, ọ̀tọ̀ ni tìyẹn. Inú ìlànà ìjọba àpapọ̀ ọdún 2006 lórí ọ̀rọ̀ tọkùnrin tobìnrin ló ti wá. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá pàṣẹ pé kí ìjọba máa tẹ̀lé e bí wọ́n bá ń yan èèyàn sípò. Ipò tí wọ́n ń fọwọ́ yàn nìyẹn, bíi mínísítà àti ọ̀gá àjọ. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìdìbò.

Ṣé èyí tí wọ́n dà nù ní 2022 kọ́ nìyí?

Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, àbádòfin márùn-ún tó jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ obìnrin ló ṣubú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí tó béèrè ìjókòó nígbà náà fẹ́ 111 ní ilé méjèèjì l'Ábújá. Òmíràn fẹ́ kí obìnrin tó fẹ́ ọkọ láti ìpínlẹ̀ mìíràn lè di ọmọ onílùú níbẹ̀. Òmíràn fẹ́ kí ọkọ tó jẹ́ àjèjì lè di ọmọ Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó àjèjì ti ń dà á. Gbogbo rẹ̀ ló wọlẹ̀. Àwọn obìnrin kó ara wọn jọ sẹ́nu géètì ilé-ìgbìmọ̀, wọn kò sì lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ilé aṣojú-ṣòfin ní àwọn yóò tún mẹ́ta gbé yẹ̀ wò nínú wọn. Ti ìjókòó kò sí lára mẹ́ta náà.

Ti ìsinsìnyí dín iye tó ń béèrè fún l'Ábújá kù, ó na ọwọ́ dé ilé-ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, ó sì fi gbèdéke sí i.

Kí ló kan ọmọ ọdún mẹ́tàlá nínú gbogbo èyí?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018 dín ọjọ́ orí ẹni tó lè du ilé aṣojú-ṣòfin àti ilé-ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kù láti 30 sí 25. Ti ààrẹ kúrò ní 40, ó di 35. Ti sẹ́nétọ̀ àti gómìnà kò yí padà, ó ṣì wà ní 35. Ní ti ìwé, ìwé òfin kò béèrè ju kí èèyàn kàwé dé ìwọ̀n oníwèé mẹ́wàá tàbí èyí tó bá a dọ́gba.

Ká ní ìdìbò 2027 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Sáà mẹ́rin náà á bọ́ sí 2027, 2031, 2035 àti 2039. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọdún 17 ní 2027, tó ń múra fún wáẹ̀kì lọ́wọ́, á pé 25 ní 2035. Èyí tó jẹ́ ọdún 13, tó ṣì ń wọ piná-fọọ̀, á pé 25 gẹ́lẹ́ ní 2039, ìdìbò tó kẹ́yìn kí gbèdéke tó dé. Bó bá wá jẹ́ pé 2031 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà ní pírámárì nísinsìnyí náà á bá a. Àwọn ìyá tó ń rìn lọ sí Àbújá kọ́ ló máa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àǹfààní òfin yìí. Àwọn ọmọ wọn ni.

Obìnrin mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí, kí ló sì fà á tí wọ́n fi kéré tó bẹ́ẹ̀?

Nílé-ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, obìnrin mẹ́rin ló wà nínú 109: Idiat Oluranti Adebule láti Èkó, Ireti Kingibe láti Àbújá, Ipalibo Banigo láti Rivers, àti Natasha Akpoti-Uduaghan láti Kogi, tó jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ ló gba ìjókòó rẹ̀ fún un. Nílé aṣojú-ṣòfin, wọn kò pé 20 nínú 360. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí kò sí obìnrin kan ṣoṣo nílé-ìgbìmọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú èèyàn mílíọ̀nù 93 tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò 2023, obìnrin lé ní mílíọ̀nù 44.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìfẹ́ ni. Ẹnu ọ̀nà ni ìṣòro wà, ẹgbẹ́ òṣèlú ló sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà kò gbà kí èèyàn dá dúró du ipò. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fà á kalẹ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ kò bá fún ní tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀ kò ní dé orí ìwé ìdìbò láéláé, bó ti wù kí àwọn aládùúgbò fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Owó ni àkọ́kọ́. Ní 2022, ẹgbẹ́ APC ta fọ́ọ̀mù ilé-ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì náírà, ti aṣojú-ṣòfin ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, ti sẹ́nétọ̀ ní mílíọ̀nù 20. Wọ́n yọ̀ǹda fún obìnrin láti san owó fọ́ọ̀mù ìfìfẹ́hàn nìkan, èyí tó kéré púpọ̀ sí àpapọ̀ owó náà. Ìrànlọ́wọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ni ìnáwó tó rọrùn jù. Àwọn dẹ́lígéètì tó ń dìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ ṣì wà níwájú nígbà náà, owó mọ́tò wọn, ilé tí wọ́n máa sùn sí, àti ohun tí wọ́n máa dì lọ́wọ́ lọ sílé.

Lẹ́yìn owó ni àsìkò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ẹgbẹ́ ṣe ní wọ́ọ̀dù mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé ọ̀sán kọ́ ni abẹ gé. Aago mọ́kànlá òru, nílé bàbá ẹgbẹ́, ni wọ́n ti ń pín tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó bá dé sílé ní aago méjì òru ní òun ti ìpàdé bọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Obìnrin tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará àdúgbò yóò ti sọ ọ́ lórúkọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ wá wo ipò tí wọ́n ń pè ní olórí obìnrin nínú ẹgbẹ́. Òun ló mọ iye àga àti kánópì tí wọ́n yá. Òun ló ń gba owó ańkárá lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òun ló ń pe àwọn tó máa jó nígbà tí olùdíje bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Bí àwọn àgbà bá ti wọ yàrá lọ láti jíròrò orúkọ ta ni wọn yóò fi ránṣẹ́, ẹ ó rí i níta nídìí kúlà, ó ń ka ike ìrẹsì. Obìnrin tó kó ẹgbẹ̀rún ìbò jọ fún ẹgbẹ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún kó má wọ yàrá yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí pé ojú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ibo gan-an ni yóò ti díje? Bó bá lọ sí ìlú bàbá rẹ̀, wọ́n á ní ilé ọkọ ló wà. Bó bá dúró nílùú ọkọ, wọ́n á ní kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀ràn ẹ̀mí ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, lẹ́yìn ìdìbò gómìnà ní Kogi, àwọn jàǹdùkú dáná sun Salome Abuh, olórí obìnrin ẹgbẹ́ PDP ní Ochadamu, mọ́nú ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Funmilayo Ransome-Kuti ló jẹ́ ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní Abeokuta Grammar School, ní 1914. Òun ló kó àwọn ìyá ọlọ́jà Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949. Nígbà tó di ìdìbò 1959, ẹgbẹ́ rẹ̀, NCNC, kọ̀ láti fà á kalẹ̀. Ó dá dúró, ó díje, kò wọlé. Òfin ìgbà náà ṣì fún un láyè láti dá dúró. Ti òde òní kò fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ láyè yẹn.

Ṣé àṣà Yorùbá ló ń dí wọn lọ́wọ́?

Tọ̀tún tòsì ló ń fi àṣà jà níbí. Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń fi ṣe adelé. Á dé adé, á múra bí ọkùnrin, àwọn ìjòyè tó bí i lọ́mọ á sì dọ̀bálẹ̀ kí i ní Kábíyèsí. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà lára àwọn tó ti ṣe é rí. Ní Ìbàdàn, Ìyálóde ní àyè nínú ìgbìmọ̀ Olúbàdàn. Àwọn tó ń gbèjà àbádòfin náà ní èyí fi hàn pé ìlú Yorùbá ti ń ya àyè sọ́tọ̀ fún obìnrin kí òyìnbó tó dé. Àwọn tó takò ó dáhùn pé adelé ni adelé ń jẹ́: lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọba tuntun jẹ, ó kúrò nínú ààfin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú òṣèlú wa jọ ti adelé yẹn gan-an. Obìnrin ti jẹ abẹnugan ní Ògùn (Titi Oseni), ní Ọ̀yọ́ (Monsurat Sunmonu), ní Oǹdó (Jumoke Akindele), ní Èkìtì (Olubunmi Adelugba) àti ní Èkó (Mojisola Meranda). Ọ̀ṣun ló bí Patricia Etteh, tó ṣe abẹnugan ilé aṣojú-ṣòfin àpapọ̀ ní 2007 fún oṣù díẹ̀. Ti Meranda kò pé oṣù méjì: ó gorí àga ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2025, ó kọ̀wé fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, Mudashiru Obasa tí wọ́n ti yọ ṣáájú rẹ̀ sì padà. Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Èkìtì ti ní igbákejì gómìnà obìnrin ju ẹyọ kan lọ. Gómìnà ńkọ́? Kò tíì sí obìnrin kan tí wọ́n dìbò yàn sípò náà ní gbogbo Nàìjíríà. Virginia Etiaba tó ṣe é ní Anambra ní 2006, nígbà tí wọ́n yọ Peter Obi ló bọ́ sórí àga, kóòtù sì dá Obi padà lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Kí ni àwọn tó takò ó ń sọ?

Owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ. Aṣòfin 182 sí i túmọ̀ sí owó oṣù, mọ́tò àti ọ́fíìsì 182 sí i, nígbà tí ará ìlú ń ráhùn ebi. Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn alátìlẹyìn ní iye náà kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnáwó ìjọba lápapọ̀; àwọn kan láàárín wọn tiẹ̀ gbà pé ì bá sàn kí wọ́n ya ìjókòó sọ́tọ̀ nínú èyí tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ni yóò dìbò láti gba àga lábẹ́ ara rẹ̀?

Èkejì ni pé kí ẹni tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ jáde wá díje, kí a má fi obìnrin tàbí ọkùnrin ṣe é. Àwọn tó ń sọ èyí kì í ṣe ọkùnrin nìkan. Èsì tí wọ́n máa ń fún wọn ni ti yàrá aago mọ́kànlá òru tí mo sọ lókè: ìdíje kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù. Wọ́n ní ìyàwó gómìnà, àbúrò sẹ́nétọ̀ àti ọmọ bàbá ẹgbẹ́ ni yóò kó ìjókòó náà, ọmọ aláta ní Bódìjà kò ní rí i jẹ. Kò sí gbólóhùn kan nínú àbádòfin náà tó dí èyí lọ́wọ́, nítorí ẹgbẹ́ náà ni yóò ṣì máa pín tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìkẹrin wá láti Kenya, níbi tí ìwé òfin 2010 ti ya ìjókòó 47 sọ́tọ̀ fún obìnrin, ọ̀kan fún kọ́ńtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹkùn ìjọba tiwọn tó dà bí ìpínlẹ̀. Bí obìnrin bá jáde fún ìjókòó gbogbogbòò níbẹ̀, àwọn kan á sọ fún un pé kó lọ du ti obìnrin. Nítorí èyí ni àwọn alátìlẹyìn níhìn-ín fi ń di gbèdéke ọdún 16 mú ṣinṣin. Àwọn tó fi ẹ̀sìn takò ó wà náà, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Yorùbá.

Báwo ló ṣe rí fún àwọn tó ti ṣe é?

A kò ní í rìn jìnnà. Orílẹ̀-èdè Benin tún ìwé òfin rẹ̀ ṣe ní 2019, ó ya ìjókòó kan sọ́tọ̀ fún obìnrin ní ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rìnlélógún. Nílé-ìgbìmọ̀ tó ṣáájú, obìnrin kò tó mẹ́wàá nínú 83. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ju 24 lọ nínú 109. Àwọn Yorùbá Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú àwọn tó dìbò yìí. Ní Rwanda, ìjókòó 24 nínú 80 ló jẹ́ ti obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti ń wọlé ju ìdajì lọ láti 2008, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn ẹgbẹ́ ń fà wọ́n kalẹ̀ fún ìjókòó gbogbogbòò náà.

Kí ni ilé-ìwé ń ṣe láti múra àwọn ọmọ sílẹ̀?

Ó ń ṣe nǹkan. Ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin àwọn ọmọdé wà ní ìpele àpapọ̀ àti ní àwọn ìpínlẹ̀. Ní Èkó, ìdíje Spelling Bee tí Olúrẹ̀mí Tinúbú dá sílẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ gómìnà máa ń fi ẹni tó bá gbégbá orókè ṣe gómìnà fún ọjọ́ kan, àwọn ọmọbìnrin sì ti jókòó sórí àga yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tí kọmíṣọ́nnà bá wá sí ilé-ìwé tó jẹ́ tọkùnrin tobìnrin. Hẹ́ẹ̀dì bọ́ì ni yóò ka ọ̀rọ̀ ìkíni, òun ni yóò dárí ìwọ́de. Hẹ́ẹ̀dì gẹ́ẹ̀lì ni yóò kúnlẹ̀ gbé òdòdó fún àlejò. Ipò kan náà ni méjèèjì dì mú lórí ìwé. Tó bá dé yunifásítì, igbákejì ààrẹ ni wọ́n á ní kó du nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á tiẹ̀ ti ya á sọ́tọ̀ fún un. Nígbà tó bá fi dé inú ẹgbẹ́ òṣèlú ní ọdún 25, kò sí ẹni tó nílò láti sọ fún un mọ́ pé ìdí kúlà ni àyè rẹ̀ wà. Kò gba òfin kankan, kò sì gba kọ́bọ̀, kí ọ̀gá ilé-ìwé tó ní kí ọmọbìnrin ka ìwé ìkíni náà.

Kí ló kù kó tó di òfin?

Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan l'Ábújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i: sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109 àti aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí àwọn ìpínlẹ̀, níbi tí ilé-ìgbìmọ̀ 24 nínú 36 ti gbọ́dọ̀ gbà á. Èyí tó já ní 2022 kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ rárá.

Mẹ́fà nínú 36 wọ̀nyẹn ló wà ní ìpínlẹ̀ Yorùbá ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì. Àwọn ọmọ ilé-ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ni ẹ ń bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti níbi ìnáwó. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún 13 náà lè kọ lẹ́tà sí wọn: bí àbádòfin náà bá dé iwájú yín, ìhà wo lẹ máa dìbò sí?